Ẹja Tí Kò Lójú

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Vardø,
àmọ́ kí lẹ ń pè ní ìrọ̀lẹ́ níbi tí ilẹ̀ kò ti mọ́?
Ó di ọjọ́ kọkànlélógún tí oòrùn ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀,
yìnyín jókòó sórí òrùlé bí àlejò tí kò mọ ọjọ́ àtilọ.
Ragnfrid, ìyàwó mi, ti gba ọsibítù lọ, iṣẹ́ alẹ́ ló ní.
Ó lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ara fíríìjì:
"Torgeir, ẹ jẹun o. Kì í ṣe bísíkíìtì."

Èmi tí mo fi ogún ọdún fa àwọ̀n lójú òkun,
tí mo mọ ibi tí ẹja ń sùn sí,
n kò mọ ohun tí ọmọ méjì lè jẹ láàárín ogún ìṣẹ́jú.
Mo gbé ẹja kọ́ọ̀dù kan lé pátákó, odidi, tútù bí òwúrọ̀.
Eilif, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní òun ti yó.
Kí lo jẹ?
Kò fèsì.
Sunniva, ọmọ ọdún márùn-ún, tẹjú mọ́ ẹja,
ẹja náà tẹjú mọ́ ọn.
"Bàbá, ó ń wò mí. N kì í jẹ ohun tó bá ń wò mí."

Bàbá mi ì bá ti lu tábìlì.
Nígbà tiwa, orí ẹja ni wọ́n ń gbé síwájú ọmọ,
ojú ẹ̀ la sì ń kọ́kọ́ jà sí.
Tútù la ti ń ká ẹja, bó bá gbẹ tán, kíkán ló ń kán.
Ṣé ẹja ni wọ́n ń fi ìyẹn bá wí ni, àbí ọmọ?
Lálẹ́ yìí, èmi gan-an ni mo ká.

Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo gé orí, mo yọ eegun,
mo fi ìka tọ ẹran ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
torí eegun kan ṣoṣo lè ba ọdún mẹ́ta jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.
Pòtétò àná wà nínú abọ́. Mo gún un mọ́ ọn,
ẹyin kan, iyọ̀, ìyẹ̀fun ìkúnwọ́ kan,
àlùbọ́sà tí mo rẹ́ wẹ́wẹ́ débi tí Eilif ò fi ní rí i.
Ó di nǹkan funfun kan tí kò lójú, tí kò nírù,
tí kò rántí òkun mọ́.

"Ẹ wá mọ ọ́n. Ohunkóhun tó bá wù yín."
Bọ́tà ti ń sọ̀rọ̀ nínú páànù.
Eilif tó ti yó ló kọ́kọ́ fọwọ́ bọ abọ́:
ó mọ ọkọ̀ ojú omi, ó ní ọkọ̀ mi ni,
ó fi ìka lu fèrèsé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́
kí n lè máa rí ilé.
Sunniva mọ tirẹ̀ róbótó, ó tẹ́ ẹ, ó tún tẹ́ ẹ.
Kí nìyẹn?
"Oòrùn ni. Má jó o."

N kò jó o. Mo dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ iná atọ́nà ọkọ̀,
ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo yí i, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i,
ó pọ́n bíi wúrà, etí rẹ̀ ń hó.
Sunniva gbé e sójú fèrèsé, ó kọjú rẹ̀ sí òkun,
ó ní ká kà dé mẹ́wàá.
A ń kà. Níta, àwọn igi tí a ń sá pánlá sí dúró lófìfo,
afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá.
Tó bá di oṣù kejì, a ó tún so ẹja kọ́ síbẹ̀,
wọn a gbẹ, wọn a wọkọ̀ lọ bá àwọn ọmọ kan tí n kò mọ̀,
tí bàbá tiwọn náà á máa bẹ̀ pé, jọ̀ọ́, òkèlè kan péré.

Mẹ́wàá.
Ó jẹ oòrùn náà, díẹ̀díẹ̀, láti etí wọnú.
"Ẹja kọ́ lèyí," Eilif wí, ẹnu ẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, "oúnjẹ ni."
N kò bá a jiyàn.

Méje la dín, méjì ló kù. Mo fi àwo bò wọ́n,
mo yí ìwé pélébé Ragnfrid padà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀:
"Oòrùn kan, ọkọ̀ kan.
Kì í ṣe bísíkíìtì."